Ọkọ̀ Mi Ń Ké, Mi Ò Rẹ́ni Bá Mi Tẹ Tọ́tù

Ìró náà kò le nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Ó tín-ín-rín bí ẹ̀fọn tó ń fò létí èèyàn, tí kò jẹ́ kó sùn, tí kò sì jẹ́ kó rí òun pa. Bí mo bá mú ọkọ̀ sáré, òun náà á gbé ohùn sókè. Bí mo bá rọra, á rẹ ohùn sílẹ̀. Mo kọ́kọ́ rò pé etí mi ni. Obìnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tó ń gbé lóun nìkan, bó bá gbọ́ ohun kan tí kò sì rí ẹni bi pé, "Ṣé ìwọ náà gbọ́ ọ?", etí ara rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ fura sí.

Igbákejì ọ̀gá ni mí ní ilé-ìwé girama kan ní Owódé, ṣùgbọ́n Abẹ́òkúta ni mò ń gbé, nínú ilé alájà kan tí kò jìnnà sí Ṣàpọ́n. Lójoojúmọ́ ni mò ń lọ tí mo ń bọ̀. Ọkọ tí mo fẹ́ wà ní Ìbàdàn pẹ̀lú ìyàwó tó wù ú. Kí Ọlọ́run bá wọn ṣe é, mi ò ní ẹjọ́ wọn í rò. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí mo bí wà ní Kánádà. Ọjọ́ Ìsinmi ló máa ń pè mí, lẹ́yìn tí mo bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, a ó sì rí ojú ara wa nínú fóònù títí nẹ́tíwọ́ọ̀kì yóò fi ní ó tó. Àwọn èèyàn a máa sọ fún mi pé mo ń gbádùn, pé kò sí ẹni tó ń yọ mí lẹ́nu. Ẹnu dùn-ún ròfọ́. Kí wọ́n wá bá mi gbé e fún ọ̀sẹ̀ kan ná.

Ohun tó jẹ́ kí igbe ọkọ̀ náà bà mí lẹ́rù ju bó ti yẹ lọ ni ọ̀rọ̀ akọ̀wé kan tó bá wa ṣiṣẹ́ rí. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó lọ ń gbé ní Ọ̀dẹ̀dá, òun nìkan nínú yàrá méjì. Inú yàrá náà ló kú sí. Onílé rò pé ó rìnrìn-àjò. Àwọn ará ìjọ rẹ̀ rò pé ó wà lọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ rò pé ó wà nílé. Kálukú ló ní ibi tó fi í sí lọ́kàn ara rẹ̀, kò sì sí ẹni tó lọ wò ó. Ìgbà tí wọ́n fi já ilẹ̀kùn, nǹkan ti bàjẹ́ débi pé wọn ò lè ṣí pósí fún wa láti wo ojú rẹ̀. Mo jókòó níbi ìsìnkú náà, mo mú ìwé orin lọ́wọ́, mi ò sì lè kọ orin kankan. Mò ń bi ara mi pé: bí èmi náà kò bá darí wálé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ta ni yóò mọ̀? Ilé-ìwé yóò ní bóyá ara mi ni kò yá. Ọmọ mi yóò dúró di ọjọ́ Ìsinmi. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ru ìbéèrè yẹn lọ sí Owódé, tí mo ń rù ú bọ̀. Nígbà tí ọkọ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í ké, mo mọ̀ pé ojú ọ̀nà ni yóò dá mi dúró sí, nírọ̀lẹ́, níbi tí kò sí ilé.

Ká sọ tòótọ́, ẹnìkan wà nínú ilé wa o. Ìyá àgbàlagbà kan tó ti re aṣọ láró títí agbára rẹ̀ fi tán ló ń gbé ní ìsàlẹ̀, yàrá iwájú. Ìyá aláró ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, àwọn ọmọ rẹ̀ ti tú ká, kálukú sí ibi oúnjẹ rẹ̀. Lórí àga onípákó kan lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ ló máa ń jókòó sí lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, bí mo bá sì ti wọlé, á ní, "Káàbọ̀ o, Tíṣà." Èmi á ní, "Ẹ ṣé o, Ìyá," n ó sì gba àtẹ̀gùn lọ sókè. Mo rò pé atẹ́gùn ló ń gbà níbẹ̀. Ìkíni rẹ̀ náà kò sì tu irun kan lára mi. Ta ni kò mọ̀ wá? A ní ìkíni fún ẹni tó jókòó, a ní fún ẹni tó dìde, a ní fún ẹni tó ń gẹrun. Bí èèyàn bá lọ ka gbogbo ìkíni ilẹ̀ wa sí ìfẹ́, yóò ṣìnà. Bí mo ṣe rò ó nìyẹn, mo sì rò pé ọgbọ́n ni mo gbọ́n.

Mẹkáníìkì mi wà ní ìsàlẹ̀ ọ̀nà, ọkùnrin kúkúrú kan tó fẹ́ràn yẹ̀yẹ́. Mo gbé ọkọ̀ lọ bá a. Ọkọ̀ tó ké nírọ̀lẹ́ àná láti Owódé títí dé ẹnu ọ̀nà mi, bó ti dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì lọ́sàn-án, ó dákẹ́ jẹ́ẹ́ bíi kíláàsì tó rí tíṣà.

"Mọ́mì, ọkọ̀ yìí ò ní nǹkan kan o."

"Ó ń ké."

"Ṣé kì í ṣe rédíò?"

Mo wò ó. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Ó ní fáńbẹ́ẹ̀tì, rọ́bà tó ń yí níwájú ẹ́ńjìnnì, ló gbẹ, pé bó bá ti gbẹ báyìí, á máa dún. Ó wọ inú ṣọ́ọ̀bù, ó mú ọṣẹ ìfọṣọ kan jáde, ó sì fi ń ra ara bẹ́ẹ̀tì náà. Mo ní ṣé aṣọ ni mo gbé wá fọ̀ ni. Ó ní kò sí dẹrẹ́bà kan ní gbogbo gáréèjì tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀, pé ọṣẹ ni oògùn rẹ̀. Ọjọ́ náà, gbogbo inú ọkọ̀ ń ta sánsán bí ẹ̀yìnkùlé ẹni tó ń fọṣọ. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, bí mo ṣe ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́, ó tún bẹ̀rẹ̀.

Mo padà lọ. Ó pa bẹ́ẹ̀tì náà dà pátápátá, ó fi tuntun sí i. Ọkọ̀ ṣì ń ké. Mo wá dá ọgbọ́n kan. Bó ti ń ké lójú ọ̀nà lọ́jọ́ kan, mo tan fóònù mi kó máa gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, pé kí mẹkáníìkì fi etí ara rẹ̀ gbọ́. Nígbà tí mo tan án fún un, a ò gbọ́ nǹkan kan ju ariwo ọ̀kadà àti hòò-hòò ọ̀nà. Lẹ́yìn náà ni a gbọ́ ohùn mi, kedere, tí mò ń sọ pé, "Kí ló dé tó o ń ké? Ta ló nà ọ́? Ó ti tó, a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ délé."

Mi ò mọ̀ pé mo ti ń bá ọkọ̀ sọ̀rọ̀. Mo sáré pa fóònù náà. Mẹkáníìkì tó máa ń fi gbogbo nǹkan ṣe yẹ̀yẹ́ kò rẹ́rìn-ín rárá, ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. Ó kàn ń fi èkísà nu ọwọ́ rẹ̀.

"Mọ́mì," ó wí, ó rọ ohùn rẹ̀ lẹ̀, "ìgbà tó bá ń ké nílé ni ká mú un. Ẹ jẹ́ kí ẹnìkan nílé jókòó sínú ọkọ̀, kó bá yín máa tẹ tọ́tù díẹ̀díẹ̀, kí ẹ́ńjìnnì máa ròkè. Ẹ̀yin ẹ mú sukudiráífà gígùn yìí, ẹ fi orí irin rẹ̀ kan ẹ́ńjìnnì níhìn-ín, ẹ tún fi kan ọ̀hún, ẹ gbé ìdí rẹ̀ sí etí yín. Ibi tó bá ti ké sí yín létí, ibẹ̀ ni. Ẹ pè mí, ẹ sọ fún mi."

"Ẹnìkan nílé."

"Ẹ̀ẹ́n. Bóyá Dádì."

"Dádì ò sí nílé."

"Àbí àwọn ọmọ."

Mo gba sukudiráífà lọ́wọ́ rẹ̀, mo wọnú ọkọ̀.

Nígbà tí mo délé, mo jókòó sínú pálọ̀, mo ń ro ẹni tí mo lè bẹ̀. Èèyàn méjì péré ni iṣẹ́ náà gbà, ọ̀kan á tẹ̀, ọ̀kan á gbọ́. Èèyàn méjì! Mo lè to ọgọ́rùn-ún ọmọ ilé-ìwé sórí ìlà kan kí n tó sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ṣùgbọ́n mi ò ní ẹni kejì. Tọkọtaya tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ mi lókè, ìgbà tí wọ́n bá sùn nìkan ni wọ́n máa ń wà nílé. Àwọn ará ìjọ mi ni ìsìn tiwọn àti ìpàdé tiwọn. Kí n wá pe ẹnìkan láti òpin ìlú kejì pé kó wá bá mi fi ẹsẹ̀ tẹ nǹkan? Ojú tì mí. Ó jọ pé bí mo bá bèèrè, gbogbo ayé á mọ ohun tí mo ti ń fi ẹnu mi bò mọ́lẹ̀ láti ọjọ́ tó pẹ́.

Nítorí náà, lọ́jọ́ Sátidé, nígbà tí oòrùn ti rọlẹ̀, mo sọ fún ara mi pé èmi nìkan á ṣe é. Mo gbé ọmọ ọlọ tí mo fi ń lọ ata, mo tan ọkọ̀, mo sì gbé ọmọ ọlọ náà lé tọ́tù. Áà! Ọkọ̀ náà bú ramúramù bí ẹni pé ó fẹ́ fò kọjá ògiri. Adìẹ fò, ajá gbó. Mo sáré ti ọwọ́ bọ abẹ́ stíárìn láti gbé e kúrò, ó yí sábẹ́ ìjókòó, mo sì gbá orí mọ́ stíárìn. Nígbà tí mo fi rí ọkọ̀ náà pa, Ìyá aláró ti dúró níwájú bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó gbá ìró rẹ̀ mú.

"Tíṣà! Kí lo fi ọkọ̀ ṣe?"

Inú ń bí mi, orí ń dùn mí, mo sì fẹ́ sunkún. Bóyá ìyẹn ló jẹ́ kí n sọ òótọ́. "Ìyá, mi ò rí ẹni bá mi tẹ tọ́tù ni."

"Èmi ńkọ́?" ó wí.

Mo rò pé ó ń fi mí ṣeré. Kò ṣeré o. Ó bọ́ bàtà rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́bàá ọkọ̀ bí ẹni tó fẹ́ wọ mọ́ṣáláṣí, ó ní "Bísímílà," ó sì jókòó sí ìjókòó awakọ̀. Ó ní òun kò jókòó síbẹ̀ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí òun. Mo fi ọwọ́ mi gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ lé orí tọ́tù.

"Ṣé kò ní gbé mi lọ?"

"Kò ní gbé yín lọ, Ìyá. Mo ti so ó mọ́lẹ̀. Ẹ rọra tẹ̀ ẹ́."

Ó tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó ń tẹ ọmọ ìkókó láyà. Mo ní kó fi agbára díẹ̀ kún un. Ẹ́ńjìnnì ròkè, Ìyá bú sẹ́rìn-ín, ó tún tẹ̀ ẹ́, ó tún rẹ́rìn-ín. Mo gbé sukudiráífà sí etí, mo fi kan ibí, mo fi kan ọ̀hún. Gbogbo ohun tí mò ń gbọ́ kò ju kí ẹ́ńjìnnì máa kùn. Kò sí igbe kankan. Mo tún ti ń bínú, mo ní ọkọ̀ burúkú ni, ó mọ èèyàn yàn jẹ.

Ìyá yọ orí jáde. "Tan iná rẹ̀ ná."

"Iná wo, Ìyá?"

"Iná iwájú. Kì í ké bí o bá ń jáde láàárọ̀. Ìrọ̀lẹ́ ló máa ń ké. Iná á kọ́kọ́ kọjá lára ògiri mi, n ó wá gbọ́ igbe rẹ̀."

Mo na ọwọ́ wọlé, mo tan iná. Kí n tó padà dé iwájú, ọkọ̀ ti figbe ta. Mo sáré fi sukudiráífà kan ẹ̀rọ tó ń fún bátìrì lágbára, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní ọ̀tánétọ̀, igbe náà sì gba inú irin wọ agbárí mi débi pé mo fà sẹ́yìn. Òun ni! Bí iná bá ti tàn, iṣẹ́ pọ̀ fún un, á máa ké. Lọ́sàn-án tí mo ń lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, mi ò tan iná kankan. Inú mi dùn débi pé mo pariwo, Ìyá náà pariwo, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ ohun tí a rí.

"Ṣé kí n tún tẹ̀ ẹ́?"

"Ó tó, Ìyá. Ẹ ṣeun gan-an."

"Kò tọ́pẹ́," ó wí, ṣùgbọ́n kò tètè sọ̀ kalẹ̀. Ó jókòó síbẹ̀ díẹ̀, ó di stíárìn mú. Mo lè ní kó jẹ́ ká jọ lọ sókè lọ mu tíì. Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Mo fà á dìde, mo kí i pé ó dàárọ̀, mo bá tèmi lọ.

Lọ́jọ́ Ajé, láti ilé-ìwé ni mo ti gba ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì lọ. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Kò mọ́ mi lára láti máa sọ ibi tí mo ń lọ, nítorí kò sí ẹni tó ń bi mí. Mẹkáníìkì tan iná ọkọ̀, ó gbọ́ igbe náà fúnra rẹ̀, ó sì dọ̀bálẹ̀ fún mi lórí ilẹ̀ tí epo ti bò, ó ní kí n wá gba ṣọ́ọ̀bù òun. Ó tú ọ̀tánétọ̀ náà, ó fi bẹ́ríìnì inú rẹ̀ hàn mí, òrùka irin tí àwọn ọmọ irin roboto máa ń yí nínú rẹ̀. Ó ti jẹ, ó ti gbẹ pátá, bí mo bá fi ìka yí i, ó ń ha. A dúró pẹ́ kí èyí tí yóò bá a mu tó dé láti ọjà. Fóònù mi kú. Ìgbà tó fi dè é padà tán, ilẹ̀ ti ṣú. Ó tan iná, ó tẹ tọ́tù. Ọkọ̀ náà kò fọhùn.

Mo wakọ̀ lọ sílé nínú ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Fún ìgbà díẹ̀, inú mi dùn. Lẹ́yìn náà, mo rí i pé mi ò ní ohun tí mo lè bá sọ̀rọ̀ mọ́. Mo kọjá oríta wa níbi tí àwọn ọlọ́kadà ń dúró sí, èrò díẹ̀ wà lẹ́bàá ọ̀nà, mi ò wo ojú ẹnikẹ́ni. Mo yà wọlé, mo pa iná, mo sọ̀ kalẹ̀.

Àga onípákó ṣófo. Ilẹ̀kùn Ìyá aláró wà ní títì. Kò sí ẹni tó ní káàbọ̀.

Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú báàgì mi. Ó dùn mí, mi ò sì mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé yóò dùn mí. Ìkíni tí mi ò kà sí rí, àfi bí ẹni pé wọ́n jí nǹkan mi kó. Mo gòkè lọ, mo ń bínú. Mo ní ṣé ẹ rí i, èmi tí mo rò pé lọ́jọ́ Sátidé a ti di nǹkan kan fún ara wa, ìyá ti wọlé lọ sùn. Mi ò se oúnjẹ. Mo jókòó sínú òkùnkùn, mo ń jẹ búrẹ́dì gbígbẹ, mo sì ń ro akọ̀wé wa tó kú sí Ọ̀dẹ̀dá.

Ibẹ̀ ni mo wà tí obìnrin tó ń ta bísíkíìtì àti mílíìkì lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti oríta dé, fi ń pè láti ìsàlẹ̀.

"Àǹtí òkè! Ṣé iná yín ni mo rí lókè un? Ẹ ti dé ni?"

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde tan iná ni. Mo yọjú lójú fèrèsé. "Mo ti dé tipẹ́."

"Yéè! Ìyá aláró wà ní oríta o! Wọ́n ní àwọn ò tíì gbọ́ ohùn ọkọ̀ yín. Láti ìgbà tí wọ́n ti kírun ìrọ̀lẹ́ tán ni wọ́n ti lọ dúró."

"Kí ni wọ́n dúró ṣe?"

Obìnrin náà wò mí láti ìsàlẹ̀ bí ẹni tó ń wo wèrè. "Ẹ̀yin ni wọ́n ń dúró dè. Ṣé ẹ ò mọ̀ ni? Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń dúró. Wọn kì í fẹnu kan oúnjẹ títí ẹ ó fi dé."

Mi ò mọ ìgbà tí mo sọ̀ kalẹ̀. Sílípáàsì ilé ló wà lẹ́sẹ̀ mi, ọ̀kan já lójú ọ̀nà, mo fi í sílẹ̀. Ọkọ̀ mi ti gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá! Ojú rẹ̀ kò tó láti dá ọkọ̀ kan mọ̀ yàtọ̀ sí òmíràn nínú òkùnkùn, etí ló fi mọ̀ mí, mo sì ti mú ohun tí etí rẹ̀ ń wá kúrò. Ó wà níbẹ̀ tí mo fi jókòó sókè tí mò ń bínú sí i.

Mo rí i láti ẹ̀yìn kí ó tó rí mi. Ó fi gèlè bo etí nítorí òtútù, ó di apá ọlọ́kadà kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé mú.

"Ṣé ọ̀nà Owódé lo gbà wá? Ṣé o ò rí ọkọ̀ kan tó ń ké lójú ọ̀nà?"

"Ìyá, ẹ ti bi mí léèkan. Mi ò rí i."

"Bóyá ó dákẹ́ ni. Ṣé o ò rí èyí tó dúró sẹ́bàá igbó, tí obìnrin wà nínú rẹ̀?"

Mo kúnlẹ̀ sórí òkúta wẹ́wẹ́ náà. "Ìyá, mo ti dé."

Ó tẹ̀ síwájú, ó fi ọwọ́ kan ojú mi, ó kan èjìká mi. "Ibo lo gbà? Mi ò gbọ́ ọ."

"Wọ́n ti tún un ṣe, Ìyá. Kò ké mọ́."

"Wọn ì bá ti fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀," ó wí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi wí, pé ṣé bí wọ́n ti ń ṣe nìyẹn, pé kí èèyàn kàn wọlé bí olè, pé ẹsẹ̀ ń ro òun. Bó ti ń bá mi wí, ó di ọwọ́ mi mú pinpin. Mo ń sunkún, mi ò sì bìkítà ẹni tó ń wò mí.

Ọlọ́kadà náà tan iná sí wa lójú díẹ̀, ó tún pa á.

"Mọ́mì," ó wí, "ṣé ẹ̀yin ni ọmọ wọn tí wọ́n ní kò tíì délé?"

Mo ní, "Èmi ni."